Èémí Abiyamọ Kì í Dédé Kúrú: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Àrùn Ọkàn Tó Ń Bá Oyún Rìn

Bí aboyún bá ní òun kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, èsì ti wà lẹ́nu àgbàlagbà tó bá wà nítòsí: "Oyún ti wọ̀ ọ́ lára ni. Ṣé o rò pé eré ni?" Bó bá bí tán tí ikọ́ kò jẹ́ kó rí oorun sùn, wọ́n á ní òtútù ló gbá a mú lọ́jọ́ tó ń rọbí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú dé orúnkún, omi ara ni, á fà. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ọ̀pọ̀ obìnrin. Oyún ló fà á, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tí iṣan ọkàn wọn ti ń dẹ̀, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn yìí ni ọ̀rọ̀ "oyún ni" ń pa.

Peripartum cardiomyopathy ni àwọn dókítà ń pe àìsàn náà. Obìnrin tí kò ní àrùn ọkàn rí ló ń mú. Bí ọkàn tí ara rẹ̀ le bá sọ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń tú bí 55 sí 70 jáde nínú gbogbo 100 ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú yàrá rẹ̀ tó tóbi jù. Nínú àìsàn yìí, kì í tó 45. Ní Chicago lọ́dún 1971, àwọn dókítà Demakis àti Rahimtoola pààlà sí i: láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Nígbà tó yá, ó hàn pé ààlà náà ń ti àwọn kan síta, ni àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù bá sọ ọ́ di ìparí oyún tàbí àwọn oṣù tó tẹ̀lé ìbímọ lọ́dún 2010.

IRỌ́: "Gbogbo aboyún ní ń mí gúlegúle. Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀?"

ÒÓTỌ́: Lóòótọ́, oyún máa ń da iṣẹ́ kún iṣẹ́ ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ ara aboyún máa ń fi bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọkàn sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀. Ilé-ọmọ tó ti ga náà ń ti ẹ̀dọ̀fóró sókè. Nítorí náà, bí aboyún bá gun àtẹ̀gùn tó dúró láti mí, kò tíì tó ohun tí a ń sá kíjokíjo sí. Ẹsẹ̀ tó wú lálẹ́ tó sì fà láàárọ̀ kò tíì tó nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti rí ìyàtọ̀ ni ibùsùn. Ẹ wo bí ó ṣe ń sùn. Ìrọ̀rí kan ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí ibùsùn pátápátá, àga pálọ̀ ló ń sùn sí, orí rẹ̀ lórí apá àga. Á ta jí láàárín òru bí ẹni tó fẹ́ rì sómi, á sáré lọ ṣí fèrèsé. Ikọ́ á máa yọ ọ́ lẹ́nu tí kò sì ní kàtá. Nígbà mìíràn, itọ́ tó ń yọ́ jáde á máa hó, á sì pọ́n díẹ̀. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Ìrìn láti yàrá sí ilé ìwẹ̀ á di iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti bímọ, ikùn rẹ̀ lè máa tóbi sí i dípò kó máa wálẹ̀, àwọn ará ilé á sì ní inú rẹ̀ kò tíì sọ̀ ni, wọ́n á bá a wá ọ̀já. Omi ló sì ti wà nínú ikùn náà.

James Fett, dókítà ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí àìsàn yìí ní Haiti, kó irú àwọn àmì wọ̀nyí jọ sí ìbéèrè mẹ́fà tí obìnrin lè bi ara rẹ̀ nílé: Ṣé ó ń nira fún ọ láti dùbúlẹ̀ gbalaja? Ṣé èémí rẹ ń já nígbà tó o bá ń rìn tàbí tó ò ń gun àtẹ̀gùn? Ṣé ikọ́ kan wà tí o kò mọ̀dí rẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ wú? Ṣé ara rẹ wúwo sí i kíákíá ní oṣù tó kẹ́yìn oyún? Ṣé àyà rẹ ń lù ju bó ṣe yẹ lọ? Bí èsì bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni léraléra, ó ti di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Sikáànù ọkàn ló ń fi òótọ́ hàn. Kì í dùn, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì lè ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní BNP, èyí tó máa ń lọ sókè nígbà tí ọkàn bá wà nínú ìnira.

IRỌ́: "Ẹnì kan ló ń fún un lọ́rùn lójú oorun."

ÒÓTỌ́: Bí a bá wà lórí ìdúró, omi tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ara máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Bí a bá dùbúlẹ̀, á padà bọ̀ sí àyà. Ọkàn tó le á tì í kọjá. Èyí tó ti dẹ̀ kò ní lè tì í, omi náà á sì jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òru ni ìdààmú náà máa ń dé, tó sì ń rọlẹ̀ kíá tí obìnrin náà bá ti dìde jókòó. Ẹni tí kò mọ èyí kò jẹ̀bi tó bá rò pé ọwọ́ ayé ni. N kò ní bá onígbàgbọ́ jà, yálà orí òkè ló ń lọ tàbí mọ́sálásí. Ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tó ń lọ sí ọsibítù ni kí ẹ ti máa gbà á.

IRỌ́: "Ó ti bímọ, ó ti bọ́."

ÒÓTỌ́: A ti kí i kú ewu, a ti sọ ọmọ lórúkọ, ẹbí ti tú ká. Lẹ́yìn tí ewu ti tán lójú gbogbo wa yìí ni àìsàn náà ń yọjú jù, pàápàá láàárín oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé ìròyìn jáde nípa obìnrin 739 láti orílẹ̀-èdè 49 tí wọ́n ní àìsàn yìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí 6 nínú 100 wọn ti kú, ẹ̀jẹ̀ ti dì lára bí 7 nínú 100, àwọn tí ọkàn wọn sì ti bọ̀ sípò kò tó ìdajì.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ìyá gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sọ ọjọ́ tí yóò padà wá. Ìyá tó pọn ọn wá ń mí bí ẹni tó sáré, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí i lápá, kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe sùn. Ojú mi kò gbà á. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré wo ìyá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ì bá hàn.

IRỌ́: "Omi gbígbóná àti káún ló ń fà á."

ÒÓTỌ́: Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà gan-an ni èyí ti wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú pópó. Nílẹ̀ Hausa, àṣà wà pé kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa fi omi tó gbóná gan-an wẹ̀ fún 40 ọjọ́, kí ó máa sùn sórí ibùsùn amọ̀ tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa mu ògì tí wọ́n po kanwa mọ́. Kanwa yìí ni Yorùbá ń pè ní káún. Èròjà sodium, irú èyí tó wà nínú iyọ̀, pọ̀ jọjọ nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà Davidson àti Parry rí obìnrin púpọ̀ tí wọ́n ní àìsàn yìí ní ọsibítù Yunifásítì Zaria, wọ́n sì so ó mọ́ àṣà náà: iyọ̀ ń dá omi dúró sára, ooru ń fi kún iṣẹ́ ọkàn, méjèèjì wá pa pọ̀ di ẹrù tí ọkàn kò lè gbé.

Àlàyé náà dùn, ó bá ọgbọ́n mu, ó sì wọ inú ìwé. Ó tún di ẹ̀bi rù ẹni tó rọrùn láti dẹ́bi fún, ìyẹn ìyá arúgbó tó ń gbé omi kaná. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí kò dáhùn. Ní Haiti, níbi tí kò sí ibùsùn amọ̀ oníná, bí obìnrin 1 nínú 300 tó bá bímọ ló ń ní i, èyí sì ga gan-an. Àwọn obìnrin Chicago ńkọ́? Ta ló po káún fún wọn?

Láàárín ọdún 2017 sí 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye ti Yunifásítì Bayero ní Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ obìnrin 244 tó ní àìsàn yìí jọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn abiyamọ tí kò ní i. PEACE ni wọ́n pe ìwádìí náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò, ìwẹ̀ gbígbóná àti káún kò já mọ́ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àìkàwé, àìníṣẹ́lọ́wọ́, ara tó rù ju bó ṣe yẹ lọ, àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, irú èyí tó ń mú kí purotéènì máa jáde nínú ìtọ̀. Kò ju ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìyá àgbà.

Má wá torí èyí da káún sínú ìkòkò o. Ohun tí kò dá àìsàn sílẹ̀ lè mú un le sí i. Ọkàn tó ti dẹ̀ kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀, káún sì ń bẹ nínú ewédú wa, nínú ẹ̀wà, nínú gbẹ̀gìrì, àti nínú àwọn àgbo kan. Maggi náà, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Obìnrin tí dókítà bá ti sọ fún pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kí wọ́n se ọbẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ló wá ń fà á gan-an? Ohun púpọ̀ ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún 2007, Denise Hilfiker-Kleiner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hannover, ní Jámánì, fi hàn pé prolactin, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà, lè gé sí wẹ́wẹ́ nínú ara àwọn kan, kí ẹ̀já rẹ̀ kan sì máa ba àwọn iṣan tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn jẹ́. Ní 2012, Zoltan Arany àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún rí i pé ibi ọmọ náà ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìparí oyún, èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pọ̀ jù lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún àti ẹni tó lóyún ìbejì. Ní 2016, wọ́n yẹ àbùdá àjogúnbá obìnrin 172 wò, wọ́n sì rí àbùkù nínú ti bí 15 nínú 100 wọn. Kí ẹbí ọkọ má wá fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ o, kí wọ́n má sọ pé àrùn ìdílé ìyàwó ni. Wọn kò rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lára bí 85 nínú 100 tó kù.

IRỌ́: "Àìsàn àwọn ará Òkè Ọya ni."

ÒÓTỌ́: Lóòótọ́, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, tó bí obìnrin 1 nínú 100 tó bá bímọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ohun tó ń fà á súnmọ́ni ni oyún ìbejì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ọjọ́ orí tó ti lé ní 30. Ta ló wá fẹ́ sọ fún Yorùbá pé ìbejì jìnnà sí wa? Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ńkọ́? Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nígbà tí àwọn dókítà kọ orúkọ àwọn tí àrùn ọkàn gbé wá sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta sílẹ̀, òun ló fa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó wà lókè òkun náà kò bọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí obìnrin 220 ní Yunifásítì Pennsylvania, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, fi hàn pé wọn kì í tètè mọ̀ ọ́n lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, pé ọkàn wọn á ti bàjẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ kí wọ́n tó mọ̀, àti pé ó ń gbà wọ́n ní bí ìlọ́po méjì àkókò kí ọkàn náà tó bọ̀ sípò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí Houston, bí nọ́ọ̀sì bá ní kò sí nǹkan tí ẹ sì mọ̀ pé nǹkan wà, ẹ má torí ìtìjú dákẹ́. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò lè dùbúlẹ̀.

IRỌ́: "Ọmú rẹ̀ ti di májèlé fún ọmọ."

ÒÓTỌ́: Àìsàn náà kì í ràn, wàrà náà kò sì ní májèlé. Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni oògùn kan, bromocriptine, tó ń dá prolactin dúró tí wàrà sì ń gbẹ. Àwọn dókítà ní Jámánì àti South Africa ti ń fi í kún ìtọ́jú. Àwọn mìíràn ṣì ń dúró de ẹ̀rí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú. Ní ilé tí omi tó mọ́ kò sí, tí owó wàrà alágolo kò sì sí, dídá ọmú dúró ní ewu tirẹ̀ fún ọmọ. Nítorí náà, dókítà àti ìyá ni yóò jọ pinnu rẹ̀. Kì í ṣe aládùúgbò. Àwọn oògùn ọkàn kan wà, bí enalapril, tí ìyá lè máa lò tí yóò sì máa fún ọmọ lọ́mú, bẹ́ẹ̀ enalapril yìí kan náà kò bá aboyún mu, torí ó ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Má ṣe lo oògùn tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn.

IRỌ́: "Ẹni tó bá ti ní i, ó ti parí."

ÒÓTỌ́: Rárá o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí 100 obìnrin ní Àríwá Amẹ́ríkà fi hàn pé, lẹ́yìn ọdún kan, 72 nínú 100 ni ọkàn wọn ti bọ̀ sípò. Furosemide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix, á fa omi kúrò lára; àwọn oògùn mìíràn á dín iṣẹ́ ọkàn kù kó lè rí ààyè sinmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ilé oògùn wa níbí. Ohun tó ń dáni dúró ni pé aláìsàn kì í tètè débẹ̀.

IRỌ́: "Ara rẹ̀ ti yá. Ọmọ kejì ti yá."

ÒÓTỌ́: Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí nílẹ̀ wa, torí ọmọ kan kì í tó ẹbí. Ara á ti fúyẹ́, ẹsẹ̀ á ti fà, obìnrin náà á ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ara tó fúyẹ́ kò fi hàn pé ọkàn ti padà sípò. Sikáànù nìkan ló lè sọ ọ́. Dókítà Uri Elkayam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé obìnrin 44 tí wọ́n tún lóyún lẹ́yìn àìsàn yìí, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2001. Nínú 28 tí ọkàn wọn ti bọ̀ sípò kí wọ́n tó tún lóyún, àìsàn ọkàn tún mú bí 1 nínú 5, kò sì sẹ́ni tó kú. Nínú 16 tí ọkàn wọn kò tíì bọ̀ sípò, àìsàn náà tún mú bí 4 nínú 10, mẹ́ta sì kú.

Nítorí náà, bí sikáànù bá fi hàn pé ọkàn kò tíì padà, ìfètòsọ́mọbíbí ti di ara ìtọ́jú. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ tàbí sábẹ́ awọ apá dára fún un. Èyí tó ní èròjà estrogen nínú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mu. Kí ọkọ bá a lọ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra rẹ̀, kó má baà di pé ìyàwó ló ń sá fún ọmọ bíbí. Bí ọkàn bá ti padà, tí ẹ sì ti pinnu láti bí òmíràn, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ọkàn kí oyún tó dé, ẹ sì mú èsì sikáànù ti tẹ́lẹ̀ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Ẹ má ṣe lọ bímọ sí ilé àgbẹ̀bí. Ọsibítù tó ní dókítà ọkàn ni irú oyún bẹ́ẹ̀ yẹ.